Ọmọ Ọdún Ẹṣin Iná

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Tí ọmọ bá dojú bolẹ̀ wáyé nílẹ̀ wa, Àjàyí ni. Tó bá wá ń ṣe orí kunkun, wọn á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Àjàyí ni?" Ọdún ni àwọn ará Ṣáínà ń wò ní tiwọn. Ẹranko 12 ló pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́, eku ló ṣáájú, ẹlẹ́dẹ̀ ló kẹ́yìn, ẹṣin sì ni ìkeje.

Wọ́n ní ọmọ ọdún ẹṣin a máa lọ́yàyà, ara rẹ̀ a máa yá gágá, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so òun mọ́lẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ní sùúrù, kò sì mọ àṣírí í bò. Ohun márùn-ún tún ń bá àwọn ẹranko yìí rìn: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi. Ìdí nìyí tí ẹṣin iná fi ń gba 60 ọdún kó tó padà dé: 1906, 1966, 2026.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni àwọn ará Jàpáánì ti gba kàlẹ́ńdà yìí, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló fi èyí kún un: pé obìnrin ẹṣin iná a máa pa ọkọ. Wọ́n so ó mọ́ Oshichi, ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan nílùú Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Ìtàn ní ìfẹ́ ọkùnrin ló mú un tiná bọlé, tí wọ́n fi dáná sun òun náà ní 1683. Wọ́n ní 1666, tó jẹ́ ọdún ẹṣin iná, ni wọ́n bí i.

Ẹ wá wo 1966. Ọmọ tí wọ́n bí ní Jàpáánì lọ́dún tó ṣáájú tó mílíọ̀nù 1.82. Ó já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.36. Nígbà tó di 1967, ó ti fò sókè sí 1.94. Kò sógun, kò sí ìyàn o! Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ wọn lè má ka ẹṣin sí rárá. Ẹnu ìyá ọkọ ọmọ wọn lọ́la ni wọ́n ń sá fún.

Ìyá kan nínú ìjókòó béèrè pé, "Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹnikẹ́ni ò bú ọkùnrin ẹṣin iná. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ̀, nígbà yẹn, bóyá ako ni ọmọ inú oyún tàbí abo? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi tọkùnrin tobìnrin sílẹ̀ láìbí.

Àwọn tí wọ́n bí náà ńkọ́? Kiko wà lára wọn, September 1966 ni wọ́n bí i. Ó fẹ́ Ọmọọba Akishino ti Jàpáánì ní 1990, ọkọ rẹ̀ sì wà láyé.

Ní 1966 yẹn, ìṣirò iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí wá sílẹ̀ sí 1.58. Ní 1989, ó di 1.57, bẹ́ẹ̀ ọdún ejò ni. Ní 2024, 1.15 ni. Ẹṣin iná ti wá padà dé ní 2026. Tí ọmọ bá tún dín, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹṣin ló fà á?