Wo Bí Kòkòrò Ṣe Gbé Ìyẹ́ Rẹ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Etí Odò Ọbà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ la wà yìí. Ẹ wo lámilámi tó bà sórí koríko yẹn. Ó ti sinmi, síbẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbalaja. Kò lè ká wọn dà sẹ́yìn. Ẹ wá rántí èsúnsún tó máa ń rọ́ wá sídìí gílóòbù lálẹ́ tí òjò bá dá. Bó bá ti balẹ̀, ẹ̀yìn ló ń tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lé, kó tó bọ́ ọ dànù. Aáyán náà ń ká tirẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti ikán.

Ọ̀rọ̀ kíká àti àìká yìí ni àwọn onímọ̀ fi pín kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ sí agbo méjì. Palaeoptera ni wọ́n ń pe àwọn tí kò lè ká a, Neoptera ni àwọn tó ń ká a. Labalábá ńkọ́? Lóòótọ́, ó máa ń gbé ìyẹ́ nàró, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn akáyẹ́ ni orírun rẹ̀.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 300 sẹ́yìn, kò tíì sí ẹyẹ, kò tíì sí àdán. Kòkòrò nìkan ló ń fò. Nílùú Commentry ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, wọ́n rí ọ̀kan tó ti di òkúta. Charles Brongniart, onímọ̀ nípa kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ọ́ ní Meganeura ní 1885. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ìkejì, ó tó sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹ fojú inú wo kòkòrò tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ti ẹyẹlé, tó ń ṣọdẹ kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀! Ọkàn mi kì í kúrò lórí rẹ̀.

Kí ló mú un tóbi tó bẹ́ẹ̀? Kòkòrò kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ́síjìn ayé ìgbà náà, tó pọ̀ ju ìdá 21 nínú 100 tá à ń mí lónìí, wà lára ohun tó fà á. Ó ṣeé ṣe kí àìsí ẹyẹ tí yóò lé e náà ti ràn án lọ́wọ́.

Àwọn kòkòrò mìíràn tún wà láyé ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Palaeodictyoptera. Ẹnu bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi ara igi mu. Níwájú ìyẹ́ wọn mẹ́rin, ìyẹ́ kéékèèké méjì tún wà. Gbogbo wọn ti run ní mílíọ̀nù ọdún 252 sẹ́yìn.

Ṣé Meganeura ló wá bí lámilámi wa yìí? Rárá, ìbátan ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fò. Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀, nítòsí ṣóńṣó: àmì dúdú kékeré kan wà níbẹ̀. Ní àárín etí ìyẹ́ náà, ibì kan wà tó dà bí oríkèé. Ìyẹ́ Meganeura kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.