Ta Ni Ó Ni Igi Inú Oko Kòkó?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí gbígbin igi pọ̀ mọ́ kòkó. Ẹ̀rín pa mí, nítorí kò sí ẹni tí yóò kọ́ àgbẹ̀ Ìdànrè pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ló ń ṣíji bo ọmọ kòkó títí yóò fi dúró. Àwọn bàbá wa ṣán abẹ́ igbó ni, wọ́n fi ìrókò, afàrá, arère àti ọ̀pẹ sílẹ̀, wọ́n sì ri obì àti orógbó mọ́ ọn. Kí ló wá dé tí a fi jáwọ́?

Ọmọ abẹ́ igbó ni kòkó. Igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Kòkòrò tín-ń-tín kan ló ń mú kí òdòdó rẹ̀ di èso, inú ewé jíjẹrà tó tutù nílẹ̀ oko ló sì ń gbé. Ẹni tó gbálẹ̀ oko mọ́ féfé, tí oòrùn ń pa á, tó wá ń ṣe kàyéfì pé òdòdó pọ̀ ṣùgbọ́n èso kò sí, ó ti lé alágbàṣe rẹ̀ lọ.

Àmọ́ òjìji náà máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá ki tí atẹ́gùn kò ráàyè, àrùn tó ń sọ èso di dúdú yóò gbòde lásìkò òjò. Ní Ghana, igi ńlá 16 sí 18 ni wọ́n ń dábàá lórí hẹ́kítà kan, níbi tí kòkó tí a gbìn ní mítà mẹ́ta síra wọn ti ń lé ní 1,100. Ẹ má ṣe fi àràbà ṣe é o: fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ìgbà kòkó. Àgbálùmọ̀ ń pọ́n láti December, ó sì ń bá wa dé ìgbà tí owó kòkó ti tán lápò.

Agégé ni kòkó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, láyé J. K. Coker, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀. Ó kọjá sí Ìbàdàn, ó dé Ifẹ̀, ó wọ Oǹdó. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, a ó ṣí lọ sínú igbó mìíràn. Ní báyìí, igbó ọba tí ìjọba dá sí ló kù: Omo, níbi tí erin ṣì wà, Olúwa, àti Ìdànrè. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ré kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní 2024, ta ni kò fẹ́ wọ inú igbó ọba lọ gbin kòkó? Bẹ́ẹ̀, òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá ti inú igbó tí a ṣán lẹ́yìn December 31, 2020 wá kò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fagi lé e.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ìrókò hù fúnra rẹ̀ lóko, àgbẹ̀ ro ìdí rẹ̀ fún ogún ọdún. Agégẹdú dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ó ti sanwó fún ìjọba. Igi wó lu kòkó tó ń so, ẹ̀ka rẹ̀ fa òmíràn ya, wọ́n fún àgbẹ̀ ní owó tí kò ra àpò ajílẹ̀ kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ó bá rí ọmọ ìrókò tó ń yọ orí, àdá ló máa kọ́kọ́ fi kí i. N kò lè dá a lẹ́bi. Ti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tún le: bó bá gbin orógbó, onílẹ̀ á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ìjọba tó pín ọmọ igi fún wa, kí ó kọ́kọ́ ṣòfin pé àgbẹ̀ tó tọ́ igi ló ni ín. Kí òfin yẹn tó dé, ẹ kọ iye igi tí ẹ gbìn sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí onílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé náà níṣojú ẹlẹ́rìí.

Mo rí ọwọ́ bàbá tó wà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé makirofóònù fún wọn.