Omi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rọ́ọ̀gì yín

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Pálọ̀ màmá mi la wà yìí, ní Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Tẹ́ ẹ bá wo rọ́ọ̀gì yìí látòkè, ẹ máa ní ó mọ́. Ẹ jẹ́ n ká etí ẹ̀ sókè díẹ̀. Ṣé ẹ rí àwọn àmì dúdú dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn? Ó ti bu nìyẹn.

Oṣù keje ọdún tó kọjá, lásìkò tí òjò ò dá mọ́, màmá mi pe àwọn kan wá fọ̀ ọ́. Wọ́n da omi ọṣẹ lé e, wọ́n fi brọ́ọ̀ṣì gbo ó, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òórùn ti dé, òórùn aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ láì gbẹ, màmá rò pé eku ló kú sábẹ́ àga, a gbé gbogbo àga, a ò rí eku kankan. Ó dùn mí gan-an, torí ọjọ́ pẹ́ tí màmá ti ń tọ́jú rọ́ọ̀gì yìí.

Ìdí tí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín fọ rọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tó dé orí iye, ẹ bi í pé omi tó fẹ́ dà sí i yìí, báwo ló ṣe fẹ́ fà á jáde?

Kí omi tó kàn án rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa eruku ẹ̀. Ẹ mọ ilẹ̀ pupa wa, ẹsẹ̀ la fi ń gbé e wọlé, ti ọyẹ́ tún ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìdí irun rọ́ọ̀gì ni gbogbo ẹ̀ ń lọ jókòó sí. Tómi bá bá a níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló dà yẹn.

Fún rọ́ọ̀gì ilé tí ìdọ̀tí ti wọ̀ lára, èyí tí mo fara mọ́ jù ni ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi gbígbóná sínú ẹ̀ tó sì ń fà á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wo omi tó fà jáde nínú táǹkì yìí, bí omi àgbàrá, a sì ti fa eruku kúrò tẹ́lẹ̀ o. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, láàárín wákàtí 6 sí 24 ó yẹ kó ti gbẹ. Tó bá fi lé ní wákàtí 48 tó ṣì tutù, ó lè ti máa bu nìyẹn. Iná ni ẹ̀rọ yìí ń lò, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe ń ṣe, tí wọ́n bá ti fọ́n omi dé ìdajì pálọ̀ tí iná bá lọ, omi yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e.

Èyí tí ò gba omi púpọ̀ tún wà, oògùn kan ni wọ́n ń fi gbo ó, tó bá gbẹ á dì mọ́ ìdọ̀tí bí iyọ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fà á kúrò. Ó dáa fún ọ́fíìsì, bí àwọn ará Alágbàká tí ò lè tilẹ̀kùn lódidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ epo pupa ló ti wọ̀ ọ́ nídìí, mi ò rò pé ó máa mú un. Èyí tí wọ́n ń fi aṣọ roboto yí lórí ẹ̀ ní tiẹ̀, ojú lásán ló ń nù.

Ẹ tún mọ ohun tí wọ́n fi ṣe tiyín. Ẹ fa òwú kan létí ẹ̀, ẹ mú un lọ síta, ẹ ṣáná sí i nínú abọ́ irin, ẹ jẹ́ kó tutù. Tó bá rùn bí irun tó jóná, tí eérú ẹ̀ sì rún mọ́ yín lọ́wọ́, irun àgùntàn ni, bílíìsì ò gbọdọ̀ kàn án, omi tó gbóná jù lè jẹ́ kó súnkì. Tó bá yọ́ tó wá le bí kóró, náílọ̀n àtàwọn irú ẹ̀ ni.

Ẹni tó mọṣẹ́, ẹ ò ní rán an létí kó tó fi aṣọ funfun tó tutù tẹ kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àga, kó wò ó bóyá àwọ̀ á bá aṣọ yẹn jáde. Ẹni tó dá iye lé e lórí fóònù láì bi yín bí pálọ̀ ṣe tóbi tó tàbí ohun tó dà sí i, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, ta ló máa san án tó bá bà jẹ́. Kí wọ́n sì fi omi lásán ṣan án kẹ́yìn, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló ń fa ìdọ̀tí mọ́ra, oṣù kan ò ní pé tó máa tún dọ̀tí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù, ẹ mú tíṣù funfun, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ gbé e sílẹ̀ báyìí, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí tíṣù yẹn bá rin gbindin, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ padà.