Iṣẹ́ Ojú Ni, Kì í Ṣe Iṣẹ́ Agbára

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ psychiatric technician, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní wọ́ọ̀dù. Ní California l'Amẹ́ríkà, èèyàn á kọ́ ọ, á ṣe ìdánwò, á gbàwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwa orúkọ yẹn ò wọ́pọ̀, ẹ dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Barnawa ní Kaduna tàbí Kware ní Sókótó, nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ àti àwọn attendant lẹ máa bá ní wọ́ọ̀dù, àwọn ló ń ṣe é.

Àwọn èèyàn ṣáà rò pé géńdé ni wọ́n ń wá tó máa di wèrè mú. Irọ́ ni jàre.

Ẹ wo aago mẹ́jọ alẹ́, àsìkò oògùn. Màmá gba haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n mu omi, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ má tíì lọ o! "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu, ẹ gbé ahọ́n sókè." Ẹ ó kàn rí i tí tábúlẹ́ẹ̀tì jókòó pẹ̀sẹ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ má jágbe mọ́ wọn, torí oògùn yẹn máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu lóòótọ́, ọrùn á lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú á yí sókè, ará ilé á ti máa pariwo pé ẹ̀mí èṣù ti dé, bẹ́ẹ̀ oògùn ló fà á, oògùn tó ń tú u sì wà, Artane ni wọ́n sábà máa ń pè é, ẹ ṣáà tètè pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ẹni tó bá ní ayé sú òun ńkọ́? Bẹ́líìtì, okùn bàtà, bíléèdì, ẹ gba gbogbo ẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ò gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó yọjú sí i, tó bá le ẹ ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rárá, ẹ ó dúró ti ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì pàápàá.

Tó bá sì jẹ́ Abuja lẹ wà, ẹ yáa gbọ́ Hausa díẹ̀. Ẹni tí ò sùn láti ìjẹta, "sannu, yaya jiki?" (ẹ pẹ̀lẹ́, ara ńkọ́?) lè mú un jókòó kí abẹ́rẹ́ tó dé. Dídè èèyàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ìjìyà, òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari buwọ́ lù ní January 2023 náà ò fàyè gba kéèyàn fi jẹ aláìsàn níyà.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fẹ́ fa wọ́ọ̀dù lé àwọn ará àárọ̀ lọ́wọ́, ẹ má kọ "wèrè ẹ̀ tún ti dé" síwèé o, kí ni dókítà fẹ́ fìyẹn ṣe? Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí: "Aago 2 òru, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n fi májèlé sínú tùwó òun, kò jẹun."