Ẹ má ta àga ìrókò yín ní owó pọ́ọ́kú: bí a ṣe ń polówó àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àga tí ẹ ń wò yìí, àga pálọ̀ ayé àtijọ́ ni. Igi ni apá rẹ̀, igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀, tìmùtìmù méjì ló wà lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣì kún ilé àwọn bàbá wa n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta àti l'Ékòó. Tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹrù kúrò nílé, àwọn tó ń ra àlòkù kiri àdúgbò ni wọ́n máa ń pè, wọn á san owó táṣẹ́rẹ́, wọn á gbé e lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó máa fi owó gidi ra àga yẹn wà, orí fóònù ló ti ń wá a. Ẹ jẹ́ ká sọ bí ẹ ṣe máa polówó rẹ̀ tí onítọ̀hún á fi rí i, tí á sì gbà yín gbọ́.

Jiji, ìkànnì tí a ti ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ní Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó sì ra OLX ti Nàìjíríà, ìkànnì ọjà bíi tirẹ̀, ní 2019. Facebook Marketplace, ibi ìtajà inú Facebook, náà wà. Ẹ lè gbé ọjà kan náà sí méjèèjì. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí ohun tí ẹ bá sọ nípa ọjà yín ló máa tà á.

Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ dojú àga náà dé, bí mo ṣe ń ṣe yìí. Àwọn káfíńtà kì í sábà kun fánísì sí abẹ́ àga, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọ̀ igi ti máa ń hàn dáadáa. Ìrókò ni eléyìí. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìrókò, àwọ̀ ìyeyè ló máa ń ní, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, ó máa ń ṣú sí búráùn báyìí. Ikán kì í sì tètè rí i jẹ. Igi ọ̀gànwó (mahogany) ní tiẹ̀ máa ń pọ́n. Ẹ wá sún mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ àga ti pàdé ìdí rẹ̀. Wọ́n dá ihò sára igi kan, wọ́n gbẹ́ orí igi kejì bí ahọ́n, ahọ́n yẹn sì wọnú ihò náà ṣinṣin. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibí yìí gan-an, torí ẹni tó mọyì igi máa wá a.

Tí igi náà kò bá dá yín lójú, ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà kó bá yín wò ó. Ẹ má kọ ìrókò sára ohun tí kì í ṣe ìrókò.

Ẹ tún wo ihò wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọwọ́ gbá igi náà: bí ìyẹ̀fun bá ń jábọ́ lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó tà á, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún lọ́dà. Ẹni tó ń wá ohun àtijọ́, àtijọ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ́. Aṣọ tí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ rin, tí ẹ sì fún dáadáa, ti tó láti nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síta láàárọ̀, ẹ ya iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ibi tó ti bàjẹ́ náà, kó hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ gbọ́ èyí: “Àga pálọ̀ onígi ìrókò, ẹyọ 4. Gíga rẹ̀ ínǹṣì 32, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹṣì 27. Apá ọ̀kan sán díẹ̀, ó wà nínú fọ́tò karùn-ún. Fóòmù ti rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bódìjà, Ìbàdàn, ilé ilẹ̀ ló wà.” Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ìwọ̀n kúrò, torí ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn lè má gba àga yín.

Ní ti owó, ẹ wo iye tí àwọn mìíràn ń pe irú rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n gbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni “Èló ni jálẹ̀?” Ẹ má dáhùn rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wá wo ọjà. Ẹ ní kó wá, kó fọwọ́ kàn án, kó jókòó lé e. Ojúkojú ni ọjà ti ń ṣeé ná.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó láì rí ọjà, tó wá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín fún òun. Olè ni. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú náà wà: ẹ má gbé àga fún ẹnikẹ́ni nítorí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ wọ inú áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó náà níbẹ̀. Ẹ gbé ọjà sí fàráńdà, kí ẹ má sì dá wà nílé lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀.

Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa san owó ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e, ẹ kó tìmùtìmù kúrò, kí wọ́n di ìdí àga náà mú láti abẹ́. Tí wọ́n bá fi apá rẹ̀ gbé e, ahọ́n igi yẹn lè yọ kúrò nínú ihò.