Ẹ Ya Ẹnu Rẹ̀, Ẹ Ò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fídíò sọ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, rèé. Àwọn tí kò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń darí àwọn tó ń fi ọgbọ́n inú ṣe fídíò. Òru tí mo darí wọn tí kò dáa ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òru yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ ju gbogbo ọjọ́ tó dáa lọ.

Òru Ẹ̀fẹ̀ ni, òru tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń gbé igi gbígbẹ́ sórí, máa ń jáde wá kọrin kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́jọ́ kejì. Àwa mẹ́fà la lọ: oníkámẹ́rà méjì, ẹni tó ń tan iná, ẹni tó ń gba ohùn, ẹni tó ń gbé ẹrù, àti èmi. Ọmọkùnrin tó ń gba ohùn ló kéré jù láàárín wa. Kí Ẹ̀fẹ̀ tó jáde, ó rìn wá bá mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ní kí n dúró sí yìí, ìyáàlù ló kọjú sí mi. Ohùn ẹni tó ń kọrin ò ní dé ọ̀dọ̀ mi." Mo wo ojú kámẹ́rà, mo rí i pé bó bá fi lè sún síwájú, igi maíkì rẹ̀ á wọnú àwòrán. Mo ní, "Dúró síbẹ̀." Ó dúró. Kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwòrán òru náà rẹwà. Iná tàn sára igi gbígbẹ́ tó wà lórí Ẹ̀fẹ̀, èèyàn lè ka ìlà ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a gbé e lọ fún bàbá kan tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bàbá wò ó dé ìdajì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó ní: "Ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ọmọ Kétu ni yín, mi ò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀. Òun ló ń júbà àwọn ìyá wa, òun ló ń tú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú síta, òun ló ń bá ẹni tó ṣìwà hù wí lójú gbogbo ayé. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é nínú orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kà á sí nǹkan iyebíye gan-an ni ìlù bò mọ́lẹ̀ nínú fídíò mi. Ọmọ tó kéré jù sì ti rí i kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wa lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pa á lẹ́nu mọ́, ìyẹn ló bà á jẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù nítorí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ó já sí pé àgbà ni kó ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò ní kan án lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, kí a tó tan kámẹ́rà, mo máa ń kó gbogbo wa jọ, mo sì máa ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: "Kí ló lè ba iṣẹ́ tìrẹ jẹ́ lónìí?" Ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà, ohun tí àgbà bá sọ ni gbogbo wọn á máa tẹnu mọ́.

Ìbéèrè yẹn ti gbà wá nínú ohun tó pọ̀. Níbi ìgbéyàwó kan, oníkámẹ́rà kejì dáhùn pé òun kò mọ̀ bóyá kámẹ́rà òun àti ti ẹnì kejì bára mu. Wọn ò bára mu lóòótọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ tirẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí iná mànàmáná ti ń lu ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà 50 ni tiwa ní Benin ń lù. Ẹni tó bá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan lábẹ́ irú àwọn gílóòbù kan níbí, ìlà dúdú á máa rìn kọjá lójú ìyàwó. A pa á pọ̀ sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti 1/50, lórí kámẹ́rà méjèèjì, kí ìyàwó tó wọlé. Kò pọn dandan kí olùdarí mọ gbogbo èyí. Ó pọn dandan kó bèèrè.

Mo fẹ́ràn láti máa dárúkọ ọmọ Àjàṣẹ́ kan, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní 1925. Paris ló ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Ìjọba amúnisìn Faransé ti ṣe òfin ní 1934 tó fi dandan lé e pé kí èèyàn gbàṣẹ kó tó ya fíìmù nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà, nítorí náà Paris ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe fíìmù tiwọn ní 1955. Kì í ṣe orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ẹgbẹ́ ló ṣe é. Nígbà tó yá tó dé Sẹ̀nẹ̀gàl, ó bá Ousmane Sembène, olùdarí fíìmù ará Sẹ̀nẹ̀gàl, bójú tó ètò ìṣe fíìmù: ta ló ń wá, ìgbà wo, owó dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ Sembène, wọn ò mọ tirẹ̀. Ó dùn mí. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ mi lónìí, òun ló ṣe é.

Oorun ńkọ́? Ẹ má fojú kékeré wo oorun. Ẹ̀fẹ̀ máa ń gba òru, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á sì tún jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fi àwọn èèyàn kan náà ya méjèèjì, ọwọ́ tí oorun ń kùn ni yóò máa fi tú káàdì tí kámẹ́rà ń kó fídíò sí. Wákàtí kan fídíò tó ń kọ 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba nǹkan bí 45 gigabyte, nítorí náà káàdì á kún, ẹnì kan á sì fẹ́ nù ún kó lè tún un lò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ya òru kì í nu káàdì. Ẹni tó sùn ló ń ṣe é, lẹ́yìn tó bá ti dà á sí ibi méjì tó sì ti ṣí i wò níbi méjèèjì.

Olóòtú tó ń gé fídíò náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. "Kò wù mí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé, "Ní ìṣẹ́jú kẹta, mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́." Ẹ sọ ibi tó ti sú yín, kí ẹ fi àtúnṣe sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́bìnrin kan bèèrè ìbéèrè tó ká mi lára. Ó ní oníkámẹ́rà òun ju òun lọ dáadáa, bọ̀ọ̀dá lòun ń pè é, báwo lòun ṣe máa darí rẹ̀? Mo ní kó kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ bó ti ń kí i tẹ́lẹ̀. Kó fún un níwèé ohun tí wọ́n fẹ́ yà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má jẹ́ ojú agbo ni yóò ti gbọ́ ọ. Bí bọ̀ọ̀dá bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n ya ti bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́, kí wọ́n ya tirẹ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bá jókòó wò ó pọ̀, ọ̀rọ̀ á yanjú ara rẹ̀.

Ó tún bi mí pé ọmọ tó ń gba ohùn ńkọ́. A padà lọ ní ọdún kejì. Nígbà tí mo bi í, ó tọ́ka síbi tó fẹ́ dúró sí, ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀fẹ̀ gan-an. Mo ní kó lọ. Bàbá wo fídíò yẹn tán, ó sì ń bá Ẹ̀fẹ̀ kọrin. Orí maíkì náà hàn ní igun àwòrán, lápá òsì. Olóòtú bi mí bóyá kí òun gé e. Mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.