Nígbà tí Ìbẹ̀rù Bá Bá Tọkọtaya Wọ Yàrá

Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń le ní ìdájí, tó sì ń rọ̀ nígbà tó bá kan ìyàwó rẹ̀, ẹ má pè é ní akúra. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń le ní ìgbà 3 sí 5 lóru, lásìkò oorun tí àlá ń wọlé. Èyí tó bá jí pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ ni ìkẹyìn wọn. Bó bá ṣì ń ṣẹlẹ̀, iṣan àti òpójẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ èrò ọkàn ló yẹ ká wò. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ mọ́ rárá, ẹ kọ́kọ́ yẹ ara wò.

Kí nǹkan ọkùnrin tó le, iṣan inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dẹ̀, kí òpójẹ̀ ṣí, kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wọlé, kó sì há síbẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ìbẹ̀rù ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà tí ara fi ń sá tàbí jà, òun ló sì ń fún òpójẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. Ara kò mọ̀ bóyá ejò lẹ ń sá fún tàbí ìtìjú.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan péré. Àárẹ̀ ni, tàbí ọtí, tàbí owó oṣù tí kò wọlé. Nígbà mìíràn, ọmọ ló ń pẹ́ kó tó dé, ìyàwó ti ka ọjọ́, ó ní alẹ́ òní gan-an ni. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń le: ó wà lára ìyàwó, àmọ́ ó ń wò bóyá ó ti ń rọ̀. William Masters àti Virginia Johnson, àwọn olùwádìí nípa ìbálòpọ̀, ṣàlàyé èyí ní Amẹ́ríkà ní 1970, pé ọkùnrin náà ti di òǹwòran lórí ibùsùn ara rẹ̀.

Ọkọ á wá máa pẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n títí ìyàwó á fi sùn. Kò ní dì mọ́ ọn mọ́, kódà lọ́sàn-án, torí ẹ̀rù ń bà á pé ìfọwọ́kàn á di ìdánwò. Ìyàwó á rò pé àlè ti wà níta. Ó bi í, ọkọ fìbínú dáhùn.

Ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀dọ̀ ìyá alágbo lọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yà. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á bu paraga fún un. Ọtí sì ń mú kó rọ̀ sí i ni. Sildenafil, oògùn tí wọ́n mọ̀ sí Viagra, tó jáde ní 1998, ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ara kò bá jí sí ìfẹ́, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.

Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ńlá UNIMEDTH wà ní Àkúrẹ́ àti nílùú Oǹdó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìtíì jẹun, àti testosterone, èròjà ọkùnrin inú ẹ̀jẹ̀, kí agogo 11 àárọ̀ tó lù. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń fa èyí, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí ara bá dá, iṣẹ́ ilé ló kàn. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kì í ṣe lórí ibùsùn: “Ìyá Ayọ̀, mi ò kọ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.” Ẹ ṣàdéhùn pé fún ọ̀sẹ̀ 2, kò sí ìbálòpọ̀, ì báà le tó báwo.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ máa fọwọ́ pa ara yín lára ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọwọ́ pa orí, ẹ̀yìn, itan, ẹsẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ọmú tàbí abẹ́. Ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ pa lára, kó máa fọkàn bá ọwọ́ náà lọ: ṣé ó gbóná, ṣé ó tẹ̀? Bí ọkàn bá sá lọ wo ìsàlẹ̀, kó dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ lè dé abẹ́. Bó bá le, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó rọ̀, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ibí ni ìwòsàn gan-an wà, ẹ má fò ó. Ohun tó ń pa ọkùnrin yìí ni èrò pé bó bá ti rọ̀, ó parí. Ó ní láti fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ń padà.

Lẹ́yìn náà, kí ìyàwó wà lókè, kó fi í sínú, kẹ́ ẹ má mira fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìmira díẹ̀díẹ̀ ló kàn.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ó le, inú wọn dùn, wọ́n kánjú lò ó kó tó rọ̀. Ìdánwò tún dé nìyẹn. Ìyàwó náà, ẹ má bèèrè pé, “Ṣé ó ti le?” Bó bá rọ̀, ẹ ní, “Bàbá Ayọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣáà dì mọ́ra.” Bí yàrá kan ṣoṣo lẹ ń bá àwọn ọmọ gbé, ẹ lo ọ̀sán tí wọ́n wà nílé ìwé, torí etí tó ń ṣọ́ ìró ọmọ kò lè fọkàn balẹ̀.

Bí oṣù 2 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ jọ lọ rí onímọ̀ nípa èrò ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Ẹ jọ lọ o: bí ọkọ bá dá lọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí ìyàwó ń sọ nígbà tó bá rọ̀.